Ẹ dúró kí ara tó dá yín dúró: bí a ṣe ń gbé ayé ojoojúmọ́ pẹ̀lú rheumatoid arthritis

Bọ́tìnnì ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọwọ́ mi. Mo jí láàárọ̀, mo fẹ́ wọ aṣọ, àwọn ìka mi kọ̀ jálẹ̀, wọn ò ká. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti dẹ̀, mo sì gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Oṣù méje ni mo fi ń pè é ní àárẹ̀, tí mo sì ń ra oògùn ìrora fúnra mi, kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa oríkèé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ àìsàn yìí, oṣù méje yẹn ló ń dùn mí jù lọ.

Mo kọ èyí fún ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé rheumatoid arthritis ló ń ṣe é, àti fún ẹni tó ń bá a gbélé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa dúró kí ara tó dá yín dúró. Bí a ṣe ń lo oògùn, bí a ṣe ń jí, bí a ṣe ń ṣí ìdérí ìgò, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó ń ṣe yín

Làkúrègbé tàbí aromọléegun ni gbogbo èèyàn máa pè é, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi àìsàn ló wà lábẹ́ orúkọ méjèèjì yẹn. Eékún tó ń ro àgbàlagbà torí pé ó ti gbé ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ní ti rheumatoid arthritis, àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló yíjú padà sí ilé ara wọn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé, èyí tó ń pèsè omi tó ń jẹ́ kí eegun máa yọ̀ lára eegun, ni wọ́n ń bá jà. Awọ náà á wú, á gbóná, tó bá sì pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eegun tó wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tó fi lè mú ọ̀dọ́ bó ṣe ń mú àgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 èèyàn ló ń bá a yí lágbàáyé lọ́dún 2019, nínú èèyàn mẹ́wàá tó sì ní in, nǹkan bíi méje ló jẹ́ obìnrin.

Ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú pa pọ̀, ó sì fẹ́ràn àwọn oríkèé kéékèèké: ìdí ìka, àárín ìka, ọrùn ọwọ́, àti ìdí ìka ẹsẹ̀. Oríkèé tó sún mọ́ èékánná kì í sábà bá a lọ. Ara á gan láàárọ̀, á sì lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà míì ó lè ju wákàtí kan lọ, kó tó dẹ̀. Àárẹ̀ á tún wà níbẹ̀, irú èyí tí oorun ò lè lé lọ.

Dókítà lè sọ pé kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ rheumatoid factor àti anti-CCP. Àwọn kan wà tí àìsàn yìí wà lára wọn, síbẹ̀ tí àyẹ̀wò méjèèjì ò gbé e jáde. Nítorí náà, bí ìwé àyẹ̀wò bá ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ìka yín wú, tó sì ń gan ní gbogbo àárọ̀, ẹ má ṣe padà sílé kẹ́ ẹ lọ jókòó. Ẹ ní kí wọ́n tún un wò.

Oògùn: ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà

Oògùn tó ń pa ìrora kọ́ ló ń dáàbò bo oríkèé. Ibuprofen, diclofenac àti naproxen máa ń jẹ́ kí ara tuni, wíwú náà á sì rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, àmọ́ bí ara ṣe ń tuni yẹn, eegun ṣì lè máa bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tún pẹ́ lára, wọ́n lè dá egbò sí ikùn, wọ́n lè pa kíndìnrín lára, wọ́n sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru.

Àwọn oògùn tó ń dá ogun náà dúró gan-an ni irú bíi methotrexate, sulfasalazine, leflunomide àti hydroxychloroquine. Methotrexate ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀. Christiaan Barnard, dókítà ará South Africa tó kọ́kọ́ pààrọ̀ ọkàn èèyàn lọ́dún 1967, ní àìsàn yìí lọ́wọ́, òun ló sì mú kó gbé ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ọdún 1988 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi methotrexate tọ́jú àìsàn yìí. Ohun tó wà nílẹ̀ fún wa lónìí pọ̀ ju èyí tó wà fún un lọ, àmọ́ ó dìgbà tá a bá tètè bẹ̀rẹ̀ kó tó wúlò dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún àìsàn yìí. Mo fẹ́ tún un sọ: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ti pa àwọn tó ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ mú ọjọ́ kan, ká ní Ọjọ́rú, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára páálí oògùn, kẹ́ ẹ fi àláàmù sí fóònù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé mọ ọjọ́ náà. Hóró tó jẹ́ mílígíráàmù 2.5 àti èyí tó jẹ́ 10 lè jọra lójú. Tí ilé oògùn bá fún yín ní èyí tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e mì. Wọ́n á fún yín ní folic acid pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ míì ni wọ́n sì sábà máa ń ní kí ẹ lò ó. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ má ṣe dákẹ́ kẹ́ ẹ kàn pa á tì. Lílò ó lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, dókítà sì lè pààrọ̀ hóró sí abẹ́rẹ́.

Kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ló sábà máa ń gbà kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n lára. Àkókò yẹn ló ṣòro jù fún mi, torí pé oògùn wà lẹ́nu, ìrora wà lọ́wọ́, mi ò sì rí ẹ̀rí kankan pé ohun tí mò ń ṣe yẹn wúlò. Ẹ fara dà á, kẹ́ ẹ má sì fo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i bí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ní ìṣòro, kí ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ gbàgbé. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tó ní trimethoprim nínú, títí kan co-trimoxazole tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà láìgba ìwé, lè bá methotrexate pa agbára tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Torí náà, ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gba oògùn, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ methotrexate. Bákan náà, methotrexate àti leflunomide ń ṣe oyún ní jàǹbá. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti lóyún. Àwọn oògùn míì wà tí aboyún lè máa lò, nítorí náà kò túmọ̀ sí pé ẹ ò ní bímọ. Ẹni tó bá ń lo hydroxychloroquine, kó máa lọ yẹ ojú rẹ̀ wò bí dókítà bá ṣe ní kó ṣe é. Tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àwọn abẹ́rẹ́ ìgbàlódé tó ń pa díẹ̀ lára agbára àwọn ọmọ ogun ara, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ń sùn nínú ara, torí abẹ́rẹ́ yẹn lè jí i.

Prednisolone, oògùn steroid tó ń mú wíwú rọlẹ̀, ńkọ́? Ó ń ṣe bí idán. Ẹni tí kò lè dìde lánàá lè máa rìn kiri lọ́la, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti máa lò ó lọ láìdúró. Àmọ́ tó bá pẹ́, ó ń jẹ́ kí eegun fúyẹ́, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń jẹ́ kí ojú wú. Ẹni tó bá sì ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù. Èyí ló jẹ́ kí n máa bẹ̀rù kápúsù àti àgbo tí wọ́n ní ó ń wo oríkèé ríro láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti bá irú oògùn steroid yìí nínú ọ̀pọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀ láì kọ ọ́ sára rẹ̀. Àwọn míì nínú wọn tún ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ kan náà tí methotrexate ń gbà kọjá. Bí ẹ bá ti ń lò wọ́n, ẹ sọ fún dókítà láìbẹ̀rù. Kó bínú sàn ju kó má mọ̀ lọ.

Àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kẹ́ ẹ tó sùn, nígbà tí ọwọ́ ṣì ń gbọ́ràn, ẹ yọ aṣọ ọ̀la síta, kẹ́ ẹ tú bọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tú ìdérí ohun tẹ́ ẹ máa lò láàárọ̀, kẹ́ ẹ kàn gbé e lé e lórí. Ẹ gbé omi àti oògùn sí ibi tí ọwọ́ tó láti orí ibùsùn. Àwọn ohun kéékèèké yìí ló ń gba ẹni lọ́wọ́ ẹkún láàárọ̀.

Tẹ́ ẹ bá jí, ẹ má ṣe fò dìde. Lórí ibùsùn níbẹ̀, ẹ máa fi ẹsẹ̀ yí róbótó, ẹ máa ká eékún kẹ́ ẹ sì máa nà án, ẹ rọra pa ọwọ́ dé, kẹ́ ẹ rọra ṣí i. Ẹ má ṣe fi ipá ṣe é. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa ká ìka nínú rẹ̀. Omi gbígbóná tí wọ́n fi wẹ̀ tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde ní kùtùkùtù, àmọ́ ó tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ jí ní wákàtí kan ṣáájú. Tí dókítà bá ti fún yín ní oògùn ìrora, ẹ bi í pé ìgbà wo gan-an ni kẹ́ ẹ máa lò ó kó lè ti máa ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dìde.

Oríkèé tó gan ń fẹ́ ooru, èyí tó wú tó sì gbóná sábà máa ń fẹ́ òtútù. Ẹ di yìnyín sínú aṣọ, ẹ má ṣe gbé e lé awọ lásán, kó má sì ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ọwọ́, níbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yẹn ti di òfin nínú ilé mi, torí pé tí ìka kan bá dá gbé ohun tó yẹ kí ọwọ́ méjì gbé, ìka yẹn ló máa jẹ gbèsè rẹ̀ lọ́la. Ẹ máa bi ara yín léèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan: oríkèé ńlá wo ló lè bá oríkèé kékeré yìí ṣe é?

Ẹ wo báàgì. Tẹ́ ẹ bá fi ìka kọ́ ọ, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á máa fa ìdí ìka. Tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ èjìká, tàbí tẹ́ ẹ fi apá méjèèjì gbá a mọ́ àyà, èjìká àti ẹ̀yìn ló gbà á. Ilẹ̀kùn tó wúwo, ẹ fi èjìká tàbí ìbàdí tì í. Dúrọ́ọ̀ tó le, ẹ so okùn aṣọ mọ́ ibi tí wọ́n ń dì mú, kẹ́ ẹ ki apá bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi apá fà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde lórí àga, ẹ má ṣe di ìkúùkù kẹ́ ẹ fi tilẹ̀. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi apá tì í. Èyí tó tún dára jù ni kẹ́ ẹ wá àga tó ga, torí àga tó bá rẹlẹ̀ ń jẹ eékún níyà.

Ìdérí ìgò ló ń fa wàhálà jù. Ìka kọ́ ló yẹ kó yí i. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ ìgò kó má bàa yọ̀, ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ bo ìdérí, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e pátá, kẹ́ ẹ wá fi gbogbo apá yí i láti èjìká. Tí kò bá ṣí, ẹ fún ẹlòmíì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ sọ fún ilé oògùn náà pé kí wọ́n fi oògùn yín sínú ike tí ìdérí rẹ̀ rọrùn, tí kò bá sí ọmọdé nílé.

Fífún aṣọ ń pa ọrùn ọwọ́ lára gan-an. Ẹ fi aṣọ náà kọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ẹ mú etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ máa yí i pa pọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjì, tàbí kẹ́ ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́ kí omi jáde. Ní ti ìkòkò, ẹ gbé e ka iná lófìfo kẹ́ ẹ tó fi ife bu omi sí i. Ohun tẹ́ ẹ bá lè fà lórí tábìlì, ẹ má ṣe gbé e. Ohun tó bá ní kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ló dára jù.

Ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń fipá mú ìka láti fún pọ̀. Nítorí náà, ẹ mú kó nípọn. Pẹ́ẹ̀nì, ṣíbí, búrọ́ọ̀ṣì eyín, ọ̀bẹ, kọ́kọ́rọ́: ẹ wé fóòmù tàbí aṣọ mọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń dì í mú, kẹ́ ẹ fi rọ́bà tàbí téèpù dè é. Síìpù, ẹ ki òrùka sí i kí ìka lè wọ̀ ọ́. Ife, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e. Fóònù ń dá kún un ju bí èèyàn ṣe rò lọ, torí àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ tí ìka mẹ́rin tó kù sì gan mọ́ ọn. Ẹ gbé e lé tábìlì, tàbí kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ sí i kó bá yín kọ ọ́.

Renoir, ayàwòrán ará Faransé, ní àìsàn yìí láti nǹkan bí ọdún 1892 títí tó fi kú lọ́dún 1919. Nígbà tí ìka rẹ̀ ká wọnú, wọ́n á fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ kí awọ rẹ̀ má bàa bó, wọ́n á sì ki búrọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́. Ó yàwòrán títí di ìparí ayé rẹ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tójú bá ń tì mí láti mú ṣíbí mi tí mo wé fóòmù mọ́ jáde níwájú àlejò.

Ohun kan tún kù lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ẹ má ṣe wà lójú kan pẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ kọ̀ǹpútà, tó ń ránṣọ tàbí tó ń kọ̀wé, kó dúró ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó ṣí ọwọ́, kó gbọn ọ́n. Kí ó dúró nígbà tí kò tíì ro ó o.

Ẹsẹ̀ àti rírìn

Àwọn kan sọ pé ó ń ṣe wọ́n bíi pé òkúta ló wà lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ wọn. Bàtà tí iwájú rẹ̀ fẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ nípọn tó sì rọ̀, ni kẹ́ ẹ wá. Bàtà gogoro ń ti gbogbo ìwúwo ara síwájú, síbi tó ń dunni gan-an. Ẹ fi ọ̀pá rìn tó bá yẹ. Ọwọ́ tó dojú kọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń dì í mú, ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ eékún òsì ló ń ro yín, ọwọ́ ọ̀tún ni. Kí ibi tí ọwọ́ ti ń di ọ̀pá mú fẹ̀, kó má jẹ́ róbótó tẹ́ẹ́rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń sùn, ẹ má ṣe máa ki ìrọ̀rí sábẹ́ eékún ní gbogbo òru. Ó ń tuni, mo mọ̀, àmọ́ eékún lè gan síbi tó ká sí.

Ẹ máa ṣe eré ìdárayá, àmọ́ ẹ fi wákàtí méjì wọ̀n ọ́n

Wọ́n ti sọ fún mi rí pé kí n sinmi kí oríkèé má bàa jẹ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkèé tí kò bá ń rìn ń gan, iṣan tó yí i ká ń rọ, ẹrù tí iṣan yẹ kó gbé á sì wá bọ́ sórí eegun. Rírìn, wíwẹ̀ lódò, gígun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ dára. Ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sábà máa ń ní kí àgbà máa ṣe, ẹ lè gé e sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Fún ọwọ́, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì, kẹ́ ẹ máa gbé ìka kọ̀ọ̀kan lọ síhà àtàǹpàkò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí àìsàn yìí máa ń fa ìka lọ síhà ìka kékeré. Ẹ fi àtàǹpàkò kan orí ìka kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò bá sí wíwú, ẹ máa fún táwẹ̀lì tí wọ́n ká tàbí bọ́ọ̀lù rírọ̀. Tí ọwọ́ bá gbóná, tó sì wú, ẹ fi fífún yẹn sílẹ̀, ẹ kàn máa ṣí i kẹ́ ẹ máa pa á dé.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó pọ̀ jù rèé: tí ìrora bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní wákàtí méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣe tán, ẹ dín in kù lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ dín in kù ni o, ẹ má pa á tì.

Àárẹ̀

Èyí ni àwọn ará ilé kì í rí. Ọwọ́ ń wú, wọ́n rí i. Àárẹ̀ kò ṣeé rí. Wọ́n lè rò pé ọ̀lẹ ni. Wíwú tó wà nínú ara fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á, ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ àti oorun tí ìrora gé wẹ́wẹ́ náà sì ń dá kún un, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún dókítà dípò tẹ́ ẹ fi máa bá ara yín jà.

Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé lọ́jọ́ tí ara bá yá, a máa fọ gbogbo aṣọ, a máa tún gbogbo ilé ṣe, ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e á wá di ti ibùsùn. Ẹ pín iṣẹ́ wúwo káàkiri ọ̀sẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ fúfúyẹ́ sáàárín méjì tó le. Ẹ jókòó ṣe ohun tẹ́ ẹ ti ń dúró ṣe. Kẹ́ ẹ sì sinmi ní àkókò tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀, yálà ó ti rẹ̀ yín tàbí kò tíì rẹ̀ yín.

Tí ìbànújẹ́ bá wà níbẹ̀, tó dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ohunkóhun ò wù yín mọ́, ẹ má ṣe kà á sí àìnígbàgbọ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àìsàn yìí, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Sìgá ni mo fẹ́ sọ tààràtà. Ó ń mú kí àìsàn yìí le sí i, ó ń dín agbára oògùn kù, ó sì ń ṣe ọkàn ní jàǹbá, ọkàn tó jẹ́ pé rheumatoid arthritis fúnra rẹ̀ ti ń fi sínú ewu. Tẹ́ ẹ bá ń mu ún, ẹ gba ìrànlọ́wọ́ kẹ́ ẹ lè jáwọ́. Ní ti oúnjẹ, kò sí èyí tó ń wò ó sàn. Ẹ jẹ oúnjẹ tó ṣara lóore, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ara wúwo jù fún eékún.

Nígbà tó bá ru sókè

Ọjọ́ kan á wà tí gbogbo rẹ̀ á tún ru padà. Ó lè jẹ́ àìsàn míì, ó lè jẹ́ ìrònú, ó lè máà ní ìdí tó hàn. Ẹ ti kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sílẹ̀ kó tó dé: oògùn wo ni dókítà ní kẹ́ ẹ fi kún un, nọ́ńbà ta ni kẹ́ ẹ pè, ta ló máa bá yín ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹ wọ splint, ìyẹn ìdè ọwọ́ tó le díẹ̀, sí ọrùn ọwọ́ kó lè sinmi, àmọ́ ẹ máa bọ́ ọ lóòrèkóòrè kẹ́ ẹ rọra yí ọwọ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì ti ìsinmi tó. Ẹ má ṣe sọ methotrexate di ìlọ́po méjì. Tó bá kọjá ọjọ́ díẹ̀ tí kò rọlẹ̀, ẹ pe dókítà. Ó lè jẹ́ pé oògùn yẹn kò tó mọ́.

Ìwé kékeré fún ọjọ́ dókítà

Dókítà máa ń rí yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ara yá gan-an. Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ìṣẹ́jú tí ara fi gan láàárọ̀, oríkèé tó wú, ìrora láti 0 dé 10, àti ohun tẹ́ ẹ ò lè ṣe. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ọwọ́ lọ́jọ́ tó bá wú. Má sọ pé "ara ò fi bẹ́ẹ̀ yá." Sọ pé, "Ọ̀sẹ̀ yìí, mi ò lè fọwọ́ ara mi ya irun mi." Ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan.

Kẹ́ ẹ sì béèrè pé: "Dókítà, ibo la fẹ́ dé?" Ohun tí wọ́n ń lépa nísinsìnyí ni kí wíwú lọ pátápátá tàbí kó kù bíńtín. Tí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà bá kọjá tí ẹ ò tíì sún mọ́ ibẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yí nǹkan padà.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la

Tí oríkèé kan ṣoṣo bá dédé wú, tó gbóná gidigidi, tí ibà sì bá a dé, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà tàbí egbò ọ̀fun nígbà tẹ́ ẹ ń lo methotrexate tàbí abẹ́rẹ́ ìgbàlódé. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lo ìwọ̀n oògùn tó kàn. Èémí tó ń gé, ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ, ojú tó pọ́n tó sì ń dunni wọra, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, gbogbo wọn kan náà ni. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọ̀fìnkìn líle àti òtútù àyà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dárúkọ oògùn yín, torí àwọn àjẹsára kan wà tí kò bá a mu.

Èyí tó kẹ́yìn, ó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Àìsàn yìí lè tú ìdè eegun ọrùn lókè pátápátá, láìro ẹni rárá nígbà míì. Tí ọrùn bá ń dùn yín tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ sọ fún ẹni tó máa kun yín lóorun pé rheumatoid arthritis wà lára yín, kẹ́ ẹ sọ ọ́ kó tó gbé orí yín sẹ́yìn.